Ọba Kì í Pa Ọ̀kọrin: Ibo Ni Ẹ̀tọ́ Ọ̀rọ̀ Sísọ Parí Sí?

Àkọsílẹ̀ ètò tòní nìyí fún ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ọ, tàbí tí dátà yín kò tó láti gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́. Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: ǹjẹ́ wọ́n lè sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà nítorí pé ó sọ òótọ́?

Ẹ má tíì dáhùn. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1984, wọ́n rán akọ̀ròyìn méjì, Túndé Thompson àti Nduka Irabor, lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan. Ìwé ìròyìn The Guardian ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kọ ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba ológun fẹ́ fi ṣe aṣojú Nàìjíríà lókè òkun. Wọ́n tún ní kí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà san ₦50,000 owó ìtanràn.

Òfin tí wọ́n fi mú wọn ni gbogbo ayé mọ̀ sí Decree 4. Ọ̀nà méjì ni òfin yẹn fi ń mú èèyàn. Bí ohun tí o kọ bá ní irọ́ nínú, ó mú ọ. Bí ohun tí o kọ bá sì lè sọ ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹni yẹ̀yẹ́, ó tún mú ọ. Ẹ tún ọ̀nà kejì yẹn kà. Kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lójú àwọn òbí wa.

Báwo la ṣe débẹ̀? Ṣé a sì ti kúrò níbẹ̀? Ohun tí a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí nìyẹn.

Kí òyìnbó tó dé

Àwọn kan máa ń sọ pé òyìnbó ló kó òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ wá fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá wa ló ní ọba kì í pa ọ̀kọrin, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì ni òwe yẹn. Ní àwọn ìlú tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin títí dé ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru, á dúró láàárín ọjà, á sì fi orin tú àṣírí olè, àti alágbèrè, àti ìjòyè tó ń fi ipò rẹ́ èèyàn jẹ. N'Ìbàdàn, bí ọdún Òkèbàdàn bá dé, àwọn èèyàn máa ń fi orin bú ẹni tó bá wù wọ́n ní gbangba, ojú kì í sì í tì wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àyè yẹn ní ìgbà tirẹ̀, ó sì ní ibi tirẹ̀. Ẹni tó bá kàn jí lọ́jọ́ lásán tó lọ pe aládùúgbò rẹ̀ ní olè, ó máa wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Wọ́n á ní kó mú ẹ̀rí wá. Bí kò bá rí i mú wá, ẹ̀bẹ̀ kù, ìtanràn kù.

Nítorí náà, àti ẹ̀tọ́ àti ààlà, méjèèjì ti wà nílẹ̀ yìí tipẹ́. Ìbéèrè tó yẹ ká máa mú lọ bí ìtàn yìí ti ń lọ ni èyí: ta ló fa ààlà yìí, ta sì ni ààlà náà ń dáàbò bò? Ṣé orúkọ aládùúgbò ni, àbí ìtìjú aláṣẹ?

Òfin tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá

Ọdún 1859 ni àlùfáà Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta. Òun ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó kógbá sílé ní 1867, nígbà Ìfọ́lé, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú.

Èkó ni iná ti wá ràn gan-an. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó kàwé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu gómìnà bó ṣe wù wọ́n. Ni ìjọba òyìnbó bá gbé òfin dé. Òfin 1903 ní ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi £250 dúró ná. Owó kékeré kọ́ nìyẹn láyé ìgbà náà. Nígbà tó di 1909, wọ́n gbé òfin mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní sedition, ìyẹn òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀. Ó ní ẹni tó bá sọ tàbí kọ ohun tó lè mú kí aráàlú kórìíra ìjọba tàbí kí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é. Àwọn ará Èkó fárígá, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, ṣùgbọ́n òfin náà dúró.

Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn. Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tó kọ nípa ìjọba Lugard. Ní 1928, ó kan Herbert Macaulay. Ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, ọba Èkó tí ìjọba lé kúrò nílùú, ni wọ́n fi rán òun náà lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ẹjọ́ kan tún wà tó ṣẹlẹ̀ ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1936, ọmọ Sierra Leone kan tó ń jẹ́ Wallace-Johnson kọ àpilẹ̀kọ kan tó béèrè bóyá Ọlọ́run wà fún aláwọ̀ dúdú, ó sì fi ọ̀rọ̀ gbígbóná bá ìjọba amúnisìn wí. Nnamdi Azikiwe ni olóòtú ìwé ìròyìn tó gbé e jáde. Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Zik bọ́ nígbà tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wallace-Johnson kò bọ́. Ó gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé Privy Council ní London, ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Àwọn adájọ́ dá a lóhùn pé kò dìgbà tó bá ní kí wọ́n jà. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti tó. Bí ó bá ti lè mú kí wọ́n kórìíra ìjọba, ó parí.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn ló ṣe òfin tó ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kórìíra òun.

Òmìnira dé, òfin àtijọ́ kò lọ

Ní 1960, òyìnbó kẹ́rù wọn. Ìwé òfin tuntun ní abala kan tó fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò ọkàn wọn. Gbogbo èèyàn rò pé òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ti kú. Ọdún kan kò pé tí Chike Obi, ọ̀mọ̀wé ìṣirò tó tún jẹ́ olóṣèlú, fi mọ̀ pé kò tíì kú. Ó tẹ ìwé pélébé kan tó fi kọ lu àwọn mínísítà pé wọ́n ń jẹ aráàlú mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ní òfin òyìnbó yìí ta ko ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé òfin tuntun. Ní 1961, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní rárá, àwọn méjèèjì lè jọ gbé pọ̀: o lè bá ìjọba wí, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lọ́nà tó máa da ìlú rú.

Àwọn òṣèré náà jẹ nínú ẹ̀. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Akíntọ́lá ń darí rẹ̀, rí ara rẹ̀ nínú eré náà, wọ́n sì fòfin de Ògúndé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dá wọn lóhùn. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni Fájuyì tó mú òfin náà kúrò.

Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ kan fún wa ní ìdáhùn mìíràn. Arthur Nwankwo kọ ìwé kan tó tú ìṣàkóso Jim Nwobodo, gómìnà ìpínlẹ̀ Anambra, palẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ni, wọ́n sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ó pẹjọ́. Ní 1983, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Enugu dá a sílẹ̀. Adájọ́ Ọlátawúrà ṣàlàyé pé òfin tí òyìnbó fi ń dáàbò bo ara wọn kò lè bá ìwé òfin 1979 gbé inú ilé kan náà. Ó ní ẹni tó bá wà nípò gbọ́dọ̀ gbà pé wọ́n á bá òun wí. Bí wọ́n bá ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, kó fúnra rẹ̀ pẹjọ́ bí gbogbo èèyàn, kó má fi agbára ìjọba di ẹnu alátakò pa.

Ìdájọ́ yìí ni òpó tí gbogbo wa ń fẹ̀yìn tì títí dòní. Àmọ́ ìṣòro kan wà: òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn. Wọn kò fa á ya.

Ayé ológun

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ológun dé, Decree 4 sì tẹ̀ lé e. Òfin náà gbé ẹrù lé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lórí: òun ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni gbogbo ohun tóun kọ, kò sì sí àyè láti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Babangida fagi lé e nígbà tó gbàjọba ní 1985, gbogbo akọ̀ròyìn sì ń yọ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 1986, wọ́n fi àpòòwé tí bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé Délé Gíwá, olóòtú Newswatch, n'Ìkẹjà. Ó pa á. Títí di òní, ilé ẹjọ́ kankan kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀.

Láyé Abacha, ní 1995, ilé ẹjọ́ ológun rán akọ̀ròyìn mẹ́rin lọ sẹ́wọ̀n gbére: Kúnlé Ajíbádé, Chris Anyanwu, George Mbah àti Ben Charles Obi. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde nípa ọ̀tẹ̀ tí ìjọba ní àwọn kan dì ni wọ́n fi ka ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ikú Abacha ní 1998 ni wọ́n tó jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé lásán, ẹ sọ orúkọ àwọn wọ̀nyí fún un.

Ohun tí ìwé òfin sọ gan-an

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sí òde òní. Abala 39 nínú ìwé òfin 1999 ló gbé ẹ̀tọ́ yìí. Ó ní gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní èrò tirẹ̀, láti gba ìròyìn àti èrò ẹlòmíràn, àti láti sọ tirẹ̀ fún aráyé láìsí ìdíwọ́. Ẹ kíyè sí i pé láti gbọ́ wà lára ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe láti sọ nìkan. Ohun tó bí òfin 2011 lórí ìròyìn nìyẹn, tó ní bí ẹ bá kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọba, wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7.

Abala 39 yìí kan náà ní ẹnikẹ́ni lè dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kan rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àfi ẹni tí ìjọba bá fún láṣẹ. Ìdí nìyẹn tí àjọ NBC fi lágbára lórí rédíò. Ẹ rántí oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí NBC ní kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n má gbé orin Eedris Abdulkareem tó ń jẹ́ Tell Your Papa sáfẹ́fẹ́. Orin náà kò kúrò lórí fóònù wa, nítorí pé ìwé àṣẹ NBC kò dé ibẹ̀. NBC fúnra rẹ̀ sì ní ààlà: ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja ní kò lágbára láti bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ rédíò lórí, nítorí pé ilé ẹjọ́ nìkan ló lè fìyà ọ̀daràn jẹ ẹnikẹ́ni.

Ibo wá ni ààlà wà? Abala 45 ló sọ ọ́. Ìjọba lè fi òfin dín ẹ̀tọ́ yìí kù bó bá jẹ́ nítorí ààbò orílẹ̀-èdè, àlàáfíà ìlú, ìwà ọmọlúàbí tàbí ìlera aráàlú, tàbí láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òfin tí a kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìkéde mínísítà. Ìkejì, ó gbọ́dọ̀ wà fún ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí mo kà yìí. Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu nínú ìlú tí aráàlú ti ń dìbò yan olórí. Ìkẹta yìí ni gbogbo ìjà dá lé. Ilé ẹjọ́ wo ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ní 1961, wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu. Ilé ẹjọ́ mìíràn wò ó ní 1983, wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu. Ẹ rí i pé ààlà yìí máa ń sún, àwọn èèyàn tó gbé ẹjọ́ lọ ló sì sún un.

Orúkọ ẹlòmíràn

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Ẹ̀tọ́ yín láti sọ̀rọ̀ kò gbà yín láàyè láti ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Ìbanilórúkọjẹ́ nìyẹn, ó sì jẹ́ ààlà tí èmi gbà pé ó tọ́, nítorí pé aláìní náà lórúkọ.

Ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń wò kò le. Ṣé ẹ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni náà? Ṣé èèyàn lè mọ̀ pé òun lẹ ń sọ? Ṣé ó máa mú kí ọmọlúàbí fojú burúkú wò ó? Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ nílò ìgbèjà. Òótọ́ ni ìgbèjà tó lágbára jù, bí ẹ bá lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Èkejì ni pé èrò yín ni, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó sì kan aráàlú.

Ẹ jẹ́ kí n fi oúnjẹ ṣàlàyé. Ẹ lọ jẹun ní búkà kan, ẹ wá kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé, "Ata ti pọ̀ jù, iye tí wọ́n ń tà á kò sì bá a mu." Èrò yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Ẹran òkú ni wọ́n ń sè," ẹ ti sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Ẹ̀rí dà?

Ọ̀rọ̀ méjì tún wà tó máa ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Àkọ́kọ́ ni "wọ́n ní." Ẹ rò pé bí ẹ bá ti fi "wọ́n ní" síwájú, ẹrù ti kúrò lórí yín. Kò kúrò. Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ sọ ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Èkejì ni "bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́" tó kún inú WhatsApp. Òun náà kì í ṣe ìgbèjà. Nígbà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé, ẹ ti di atẹ̀wé-jáde.

Ọ̀nà méjì ni ìbanilórúkọjẹ́ ń gbà dé ilé ẹjọ́. Ọ̀kan jẹ́ ẹjọ́ láàárín èèyàn méjì: ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ á ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún òun, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Èkejì jẹ́ ẹjọ́ ọ̀daràn: ọlọ́pàá ló máa mú yín. Ìwé òfin ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí i, tàbí ọdún 2 bí ẹni náà bá mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Èkejì yìí ni àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọlọ́pàá mú agbẹjọ́rò Délé Fárótìmí l'Ékòó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì, lórí ìwé tó kọ, èyí tí àgbà agbẹjọ́rò Afẹ́ Babalọlá ní ó ba òun lórúkọ jẹ́. Àwọn kan ní orúkọ tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bà jẹ́ lásán. Àwọn mìíràn ní ẹjọ́ owó ló yẹ kó jẹ́, kí ló kan ẹ̀wọ̀n? Oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n fa ẹjọ́ ọ̀hún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwọn ọba alayé bẹ bàbá náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ kò dá ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

Òfin fóònù ọwọ́ yín

Èyí ló kàn yín jù, ẹ fetí sílẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, Cybercrimes Act. Torí àwọn oní-jìbìtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n abala 24 inú rẹ̀ ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó burú jáì ránṣẹ́, tàbí irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni láti fi mú ẹlòmíràn bínú, láti fi ni í lára tàbí láti fi bú u, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 3 tàbí kó san tó ₦7,000,000. Láti múni bínú! Ta ni kò tíì mú ẹnikẹ́ni bínú rí lórí X?

Ohun tí àwọn alágbára ṣe nìyẹn. Abala yìí di kùmọ̀. Gómìnà ń lò ó, oníléeṣẹ́ ń lò ó. Ní 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò agolo kan tóun rà. Ọlọ́pàá mú un l'Ékòó, wọ́n gbé e dé Abuja. Tòmátò agolo o!

Ní 2020, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní abala 24 yìí ta ko ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe. Ní báyìí, ohun méjì ló kù níbẹ̀: àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, àti irọ́ tí ẹni náà mọ̀ pé irọ́ ni, tó fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Wọ́n ti yọ mímúni bínú àti bíbúni kúrò. Ìyẹn ni pé bí ọlọ́pàá bá ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn sí yín létí lónìí, òfin tó ti kú ló ń kà. Síbẹ̀, irọ́ tó ń dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀, fídíò ogun ìlú mìíràn tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín, àwọn yẹn ṣì lè gbé yín dé ẹ̀wọ̀n, kò sì burú kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pa Twitter

Oṣù Kẹfà ọdún 2021, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù náà, Twitter kò ṣí mọ́ ní Nàìjíríà. Ó lé ní oṣù méje kó tó padà, ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Gbogbo wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo VPN. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ní wọ́n á gbé ẹni tó bá lò ó lọ sílé ẹjọ́.

Ẹ padà sí ohun mẹ́ta tí abala 45 béèrè. Òfin wo ló ní títẹ ọ̀rọ̀ sórí Twitter jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Kò sí. Ìkéde lásán ni. Abala 36 sì ní wọn kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ẹni tó mọ òfin kò ní bẹ̀rù ìkéde.

Bí ọlọ́pàá bá pè yín

Kí n tó dákẹ́, ẹ fi èyí pamọ́ sínú fóònù yín. Abala 35 nínú ìwé òfin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

- Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù yín sọ̀rọ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ nínú ìbẹ̀rù.
- Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín fún yín láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé yín. Bí Yorùbá ló yé yín, ẹ béèrè fún Yorùbá.
- Bí ilé ẹjọ́ bá wà ní kìlómítà 40 sí ibẹ̀, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín débẹ̀.
- Wọn kò lè mú màmá yín tàbí àbúrò yín dípò yín. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, ACJA 2015, kọ̀ ọ́.
- Òfin ọlọ́pàá 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹjọ́ láàárín èèyàn méjì lásán.
- Bí ẹ kò bá lówó agbẹjọ́rò, Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò ní.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì pé kó lọ, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé mo mọ̀ pé òótọ́ ni, àbí mo kàn gbọ́? Ṣé èrò mi ni mo ń sọ, àbí ẹ̀sùn ni mo ń fi kan èèyàn? Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹ̀rí wá lọ́la, kí ni màá mú? Bí ìdáhùn yín bá dúró dáadáa, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ kó dún. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá bọ́ sílẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí gbogbo ẹyin rẹ̀ wà nínú àwo, tí ẹnikẹ́ni kò gbójú gbé e, ibẹ̀ ni Decree 4 ti máa ń pa.

Ó dìgbà kan ná. Bí ọlọ́pàá bá ti pe ẹnì kan nínú yín rí lórí ohun tó kọ, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a ó mú agbẹjọ́rò wá dáhùn nínú ètò tó ń bọ̀. Ẹ máa ráyè sọ̀rọ̀, ẹ sì máa ráyè gbọ́.